Ìbátan Tó Ń Jẹ́ Ìyá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Ṣé ara le? Etí tó ń dùn yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú. Ẹ ti ní láti sọ fún ọmọ ilé kọ̀ǹpútà tó ń bá yín tẹ lẹ́tà pé ilẹ̀ àjèjì ti gbé ọmọ yín mì. Kò tíì gbé mi mì o. Iṣẹ́ tuntun ló gbà mí lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù láti ìlú dé ìlú ni. Bí ẹrù èèyàn bá ti dé, ẹ̀rọ wọn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù onítọ̀hún pé kó wá gbé e. Gbogbo orúkọ, gbogbo nọ́ńbà, inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ yẹn ti darúgbó. Ohun tí wọ́n gbà mí fún ni pé kí n kó àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tuntun kí oṣù kẹta tó parí. Bí mo bá ṣe é yọrí, wọ́n á gbà mí tán. Bí mi ò bá ṣe é yọrí, ẹ óò tún máa gbọ́ pé mò ń wá iṣẹ́.

Ọkùnrin kan ló wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi. Bí mo bá bi wọ́n pé níbo ló lọ, wọ́n á ní, "Ó ti lọ," wọ́n á sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ ni, ìlà lórí ìlà, ṣe èyí, ṣe tọ̀hún. Ẹ̀rọ á máa kà á láti òkè délẹ̀, á sì máa ṣe é bó ṣe ń kà á. Ìwé yẹn ló yẹ kó kọ́ àká tí a ó kó àwọn àkọsílẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ tuntun. Ó kọ̀, kò kọ́ ọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ ní mi ò láṣẹ. Mo fún ara mi láṣẹ. Ó tún ní òun ò rí ohun tí ìwé náà ń pè, bẹ́ẹ̀ ohun náà wà níwájú mi gbangba. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú kí n tó mọ̀ pé àmì kan wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan tí ojú èèyàn kì í rí. Ẹnì kan ló ti ṣí ìwé náà rí lórí ẹ̀rọ irú mìíràn, tó wá fi àmì yẹn sílẹ̀ bí ẹni fi ìka ẹlẹ́gbin kan ara ògiri. Mo nù ún kúrò. Ìwé náà rìn síwájú díẹ̀, ó tún dúró. Ohun tó kọ síwájú mi nìyí: "Àṣìṣe. Ìbátan tó ń jẹ́ iya kò sí."

Bàbá mi, ẹ̀rọ kì í ṣẹ̀fẹ̀. Ìbátan ló máa ń pe tábìlì tí a ń to àkọsílẹ̀ sí, mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n "iya"? Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ èdè wa? Mo ṣí ìwé náà wò. Lókè ìlà yẹn gan-an, ọkùnrin náà kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, irú èyí tí ẹ̀rọ máa ń fò kọjá, tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ló wà fún. Ó ní: "Jọ̀ọ́, má pa ìlà yìí rẹ́. Èmi Egungun-ẹja." Èdè wa ni, Bàbá, orúkọ ìnagijẹ ló sì fi tọwọ́ bọ̀ ọ́. Orí mi wú.

Láti ọjọ́ náà, mo ti mú ìwé yìí ṣiṣẹ́ léraléra, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Ibì kan náà ló ń ṣubú sí. Nọ́ńbà fóònù kan wà níbẹ̀, ó sì jọ nọ́ńbà ilé wa lọ́hùn-ún. Mo pè é láti ibí, kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é. Ẹ kàn bèèrè ẹni tó ni ín. Ẹ má sọ nǹkan mìíràn.

Ọmọ yín tó ń ronú yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi, kékeré tí adìẹ ò lè gbé mì,

Mo kí ọ, mo sì bá ọ wí. Kí lẹ́tà kan tó dé, irun àgbọ̀n mi ti funfun sí i. Ara mi le. Etí ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì pátápátá, tòsì ló kù tó ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Irun àwọn èèyàn ò yéé hù, nítorí náà ìsọ̀ mi ṣì wà ní ṣíṣí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o kọ, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ohun tó yé mi ni pé ọkùnrin kan wà, ó gbọ́ èdè wa, ó ń fi "jọ̀ọ́" bẹ̀ ọ́, ìwọ náà sì fẹ́ kí n bá ọ wádìí ìyá. Abẹ́rẹ́, àná kọ́ ni wọ́n bí bàbá rẹ. Bí ọmọbìnrin bá ti ní kí bàbá òun lọ wádìí ìyá ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. O lè sọ ọ́ tààrà. Mi ò ní nà ọ́.

Mo pe nọ́ńbà náà. Obìnrin ló gbé e, àgbàlagbà, ohùn tíṣà. Mi ò tíì sọ ju "Ẹ káàsán" lọ tó fi ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi bí?"

Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó pè. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá yàrá dè yín."

Ó júwe ilé rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bí ọmọ ilé-ìwé. Ó ní ó dáa.

Ta ló sọ fún un? Bí kò bá ṣe ìwọ, ọkùnrin yẹn ni. Ẹ ti ṣètò tán kẹ́ ẹ tó rántí bàbá. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú borí ẹ̀dùn. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa wọkọ̀ lọ. Mo ti gé irun ara mi, iṣẹ́ tí kò rọrùn fún onígbàjámọ̀ kankan.

Máa jẹun.
Bàbá rẹ tó fẹ́ di àna èèyàn


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ ṣe rò ó. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé dáadáa.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa jẹ́ bàbá jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fún àwọn ẹyẹlé ní èérún búrẹ́dì. Mo tọ̀ ọ́ lọ lónìí, mo ní, "Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ṣáájú mi, níbo ló lọ gan-an?"

Ó gbọn èérún búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní, "Wọn ò sọ fún ẹ? Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Ọdún tó kọjá ló kú. Àwa díẹ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la sin ín. Kò sẹ́ni tó mọ ẹbí rẹ̀. Bí a bá bi í, á ní kò sẹ́nì kan."

Ọdún tó kọjá ni, Bàbá. Ta ló wá sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ̀ ń bọ̀? Èmi kọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò kọ̀wé sí i rí. Ẹ má débẹ̀ títí màá fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tètè fèsì.

Abẹ́rẹ́


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́,

Lẹ́tà rẹ jókòó dè mí ní ilé kọ̀ǹpútà. Mọ́ńdè ni mo tó kà á. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ìparí òpópónà kan tó dákẹ́ ni ilé náà wà. Obìnrin gíga ni, ó fi òwú so jígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò bi mí lórúkọ. Ó ti gbé ife méjì kalẹ̀, tíì inú wọn sì ń rú èéfín, bí ẹni pé ó ń wò mí láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ní kí n gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ yín náà kú ìtọ́jú."

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni: "Màmá, ẹnì kan ń bọ̀ wá kí yín. Ẹ gbà á." Abẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bó ṣe ń fi ìka tì í sókè ló tún ń jáde, ọ̀rọ̀ kan náà, èyí láàárọ̀, èyí lọ́sàn-án, òmíràn tẹ̀lé òmíràn láìsinmi. Ó ní, "Egungun-ẹja mi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Nígbà tó wá ń tún un sọ báyìí, mo mọ̀ pé àlejò yẹn kì í ṣe kékeré."

Ó ka àwọn ti àtẹ̀yìnwá fún mi. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọmọ náà máa ń kọ̀wé. Ìyá kọ ọ́ sí i pé orúnkún ń dun òun. Ọmọ dáhùn pé kí wọ́n má gun òkè mọ́, kí wọ́n fi omi gbígbóná sí i. Ìyá ní òrùlé ń jò. Ọmọ ní kí wọ́n tètè pe káfíńtà. Mo ní ọmọ dáadáa ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ fún un. Mo yìn ọ́ débi pé mo purọ́ díẹ̀, mo ní o mọ oúnjẹ sè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí Egungun-ẹja bá ti fẹ́ ẹ, èmi ti gbà." A bọ ara wa lọ́wọ́.

Ó di ọjọ́ Mọ́ńdè kí n tó ka lẹ́tà rẹ. Mo jókòó nínú yàrá obìnrin yẹn ní ọ̀sán gangan, mo mu tíì rẹ̀, mo sì fi ọmọ mi fún òkú.

Báwo ni ẹni tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá ṣe ń bèèrè orúnkún ìyá rẹ̀? O rán mi níṣẹ́ tí o ò mọ ìdí rẹ̀. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ má bínú, ẹ dákun. Ẹ̀bi mi ni pé mo rán yín ṣáájú kí n tó wádìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Mo lọ ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ibi iṣẹ́ dá páropáro. Mo bá tábìlì náà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ iya. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú àwọn tí wọ́n ní kí n kó. Gbogbo ohun tí ìyá yẹn ti kọ sí ọmọ rẹ̀ ló tò síbẹ̀. Ìwé àṣẹ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí "orúnkún" bá wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá, ẹ̀rọ á mú ìdáhùn orúnkún. Bí "òrùlé" bá wà níbẹ̀, á mú ti òrùlé. Bí kò bá rí èyí tó bá a mu, á mú ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tó bá ọ̀rọ̀ gbogbo mu, tí kì í ṣì. Ọkùnrin náà kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sílẹ̀, èyí tó lè lò fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tó kọ wọ́n wà lára wọn: àsìkò tó wà nílé ìwòsàn ni. Ó mọ̀ pé òun ń lọ, kò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀.

Èyí tó kàn mí ni mo fẹ́ sọ wàyí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn pé bó bá jí lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Màmá pé ẹnì kan ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni kó tó wá tábìlì. Ó ti rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ náà á darúgbó, ẹnì kan á wá kó o, ẹni yẹn á sì rí ọ̀rọ̀ òun. Gbogbo ìgbà tí mo mú un ṣiṣẹ́, tí mò ń ṣépè fún un pé ó tún ti ṣubú, ó ti kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ kó tó ṣubú. Èmi ni mò ń kan ilẹ̀kùn yẹn, Bàbá. Èmi ni mò ń mú un gbá yàrá lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́, ìlà tuntun kan yọ ní ìsàlẹ̀ tábìlì náà. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní: "Bàbá ìyàwó rẹ wá. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀." Ẹ̀rọ wá ìdáhùn ọ̀rọ̀ ìyàwó, kò rí i. Mo rí i bó ṣe mú èyí tí kì í ṣì, tó sì rán an lọ níṣojú mi: "Mo ti gbọ́, Màmá. Ara mi le."

Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n máa pa ẹ̀rọ àtijọ́. Bí mo bá kọ́ tábìlì yẹn sórí tuntun, ìlà kan péré ni, gbogbo iṣẹ́ mi á yọrí, òkú á sì máa bèèrè orúnkún lọ. Bí mo bá pa á rẹ́, ọmọ á kàn dákẹ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ kan, kò ní mọ ìdí. Ẹ̀yin lẹ rí ojú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kọ̀wé, mo tún kọ, ẹ ò fèsì. Ṣé ara ò yá ni? Ṣé ìbínú ni? Ọmọ ilé kọ̀ǹpútà ní ẹ gba lẹ́tà mi, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ sì jáde láìsọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ń bèèrè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pa ẹ̀rọ. Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú obìnrin yìí.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́ mi,

Ìbínú kọ́. Mo ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ ni. Mo lọ sí ilé náà, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún lọ, mo bá a lórí ìdúró níbi fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi, mo wọlé, mo bá a gé irun iwájú orí tó ń bọ́ sí i lójú, mo tún padà láìsọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù. Obìnrin yẹn ò ní ọmọ tó kú, kò sì ní ọmọ tó wà láàyè. Èyí ò dára fún abiyamọ.

Lánàá, mo jókòó, mi ò mu tíì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Egungun-ẹja ti kú, Màmá. Lọ́dún tó kọjá ni. Ọmọ mi ló wà nípò rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń fi ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ dá yín lóhùn."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣi ìṣirò ṣe. Ó ní, "Oṣù wo?"

Mo sọ oṣù tí o kọ ránṣẹ́ sí mi fún un. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó wá oṣù náà rí, ó wá ń kà á wá sísàlẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tó wà láàyè, kò bi mí léèrè orúnkún rí. Iṣẹ́ ṣáá ni. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, mo rò pé ó ti dàgbà ni."

Ó sunkún láìgbóhùn sókè. Mi ò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó dì mí lápá mú. Ó ní, "Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kọ̀wé sí mi mọ́. Ẹ̀rọ ń fi ẹnu ọmọ mi parọ́ fún mi, ó sì ń parọ́ náà dáadáa jù. Ṣùgbọ́n ibi tí èmi ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí, kó má tì í."

Mo ní, "Màmá, kò ní sẹ́ni tó máa fèsì níbẹ̀."

Ó ní, "Ta ló ń fèsì láti ọdún kan?"

Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó tí mo sọ. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Ìwọ ṣe ohun tó ní kí o ṣe. Màá máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irun orí rẹ̀ nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ wúwo ju tèmi lọ, ẹ sì jẹ́ ẹ.

Mo yọ ìlà tó ń ránṣẹ́ kúrò, mo sì pa gbogbo ìdáhùn tí ọkùnrin náà kọ sílẹ̀ rẹ́. Mo kà wọ́n tán kí n tó pa wọ́n rẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà wọ́n. Mo kọ́ tábìlì iya sórí ẹ̀rọ tuntun, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì mú ìwé àṣẹ ṣiṣẹ́. Ó lọ láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí nǹkan bá bàjẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bó bá dára á dákẹ́. Wọ́n pa ti àtijọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ti gbà mí tán. Kò bèèrè ohun tí tábìlì yẹn wà fún.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo yà wọ yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, mo tan ojú ẹ̀rọ. Ìlà tuntun wà níbẹ̀. Mo dà á kọ fún yín bó ṣe wà:

"Egungun-ẹja, wọ́n ti sọ fún mi. Ó yẹ kí o ti sọ ọ́ fúnra rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà. Òjò ò rọ̀ lónìí. Mo fọ aṣọ, ó gbẹ kí n tó jẹun. Sọ fún ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ yẹn pé kó jókòó. Ó ti pẹ́ lórí ìdúró."

Bàbá, èmi nìkan ló wà nínú yàrá náà. Lóòótọ́, ìdúró ni mo wà, mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga ọkùnrin náà. Mi ò jókòó sórí àga yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti débí.

Mo fà á, mo jókòó.

Abẹ́rẹ́ yín